Lẹ́tà sí àwọn òbí: ìbẹ̀wò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òfuurufú, àti iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀sán Ọjọ́rú

Àjàṣẹ́, ìparí sáà kejì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Sáà kejì ti parí, a dúpẹ́ pé àlàáfíà la fi parí rẹ̀. Ìwé èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì rẹ̀. Kí bàbá tàbí ìyá jọ̀wọ́ wá gbà á fúnra rẹ̀. Àwọn tó máa jókòó ìdánwò BEPC àti Bac yóò máa wá fún àfikún ẹ̀kọ́ láàárọ̀ nígbà ìsinmi. Ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kò tíì pé, ẹ bá wa san án kí sáà tuntun tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí ló gbà mí lọ́kàn jù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ rántí pé ọmọ mẹ́fà bá èmi àti olùkọ́ físíìsì wa lọ sí ilẹ̀ Faransé nígbà ìsinmi àárín sáà, nígbà tí ilé-ìwé kan níbẹ̀ gbà wá lálejò. Wọ́n mú wa lọ sí Le Bourget, létí ìlú Paris, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òfuurufú wọn wà. Ọdún 1919 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Inú pápákọ̀ òfuurufú gidi ló wà, ibẹ̀ náà ni Lindbergh, awakọ̀ òfuurufú ará Amẹ́ríkà, balẹ̀ sí ní ọdún 1927 nígbà tó dá nìkan fò láti New York wá.

Láti Kútọnu ni àwọn ọmọ ti ń béèrè Concorde, ọkọ̀ òfuurufú èrò tó ń yára ju ìró lọ. Méjì ló wà níbẹ̀, a sì wọ inú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkọ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi lé òjìji òṣùpá ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1973, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn tí ọ̀sán sì dòru ní apá kan ilẹ̀ Áfíríkà. Las Palmas ni wọ́n ti gbéra, ilẹ̀ Ṣáàdì ni wọ́n balẹ̀ sí. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ náà kò rí òkùnkùn ọ̀hún ju bí ìṣẹ́jú 7 lọ. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rí i fún ìṣẹ́jú 74, torí pé ọkọ̀ náà ń bá òjìji sáré. Nígbà tí àwọn ọmọ gbọ́ èyí, ariwo ta.

Síbẹ̀, gbọ̀ngàn àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni a pẹ́ sí jù. Igi ni wọ́n, àti aṣọ, àti wáyà. Ọ̀kan kékeré wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Demoiselle. Alberto Santos-Dumont, ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì tó ń gbé ní Paris, ló ṣe irú rẹ̀ jáde láàárín ọdún 1907 sí 1909. Ọparun ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n nà sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, láti ìkángun kan dé èkejì kò ju nǹkan bíi mítà 5 lọ, abẹ́ ìyẹ́ yẹn ni awakọ̀ ń jókòó sí. Santos-Dumont kò fi iṣẹ́ náà pamọ́, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1910 kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá mọ́ iṣẹ́ lè kàn án ní ilé ara rẹ̀.

Ọmọ Àgùdà kan wà nínú àwọn tó bá wa lọ. Ó bi mí bóyá àwọn bàbáńlá òun tó ti Bràsíìlì dé mọ ọkùnrin yìí. Mo ní àwọn Àgùdà ti ń dé sí Àjàṣẹ́ kí wọ́n tó bí i ní ọdún 1873, àti pé kí ó wo Mọ́sálásí Ńlá wa bó bá padà délé, kó wo ọnà Bràsíìlì tó wà lára rẹ̀. Ọwọ́ bírìkìlà àti káfíńtà ló ṣe ìyẹn náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Gbogbo ọkọ̀ tó wà ní gbọ̀ngàn yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ irú yín ni. Káfíńtà ló gé igi rẹ̀, aránṣọ ló rán aṣọ ìyẹ́ kí wọ́n tó fi ọ̀dà kùn ún kó lè le, alágbẹ̀dẹ ló rọ ìdè rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń ṣe tà tí wọ́n sì ń tún ṣe. Mo máa ń gbọ́ kí òbí sọ pé, «Ìwé ni mo ní kí o kà, fi òòlù yẹn sílẹ̀.» Ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó tú rédíò ilé palẹ̀ láti wo inú rẹ̀, ìwé ló ń kà.

Òótọ́ ni pé ọwọ́ nìkan kò tó. Olùkọ́ físíìsì wa sọ ìtàn Henri Mignet fún àwọn ọmọ. Ará Faransé ni, kò kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ní ọdún 1933 ó fi igi àti aṣọ ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Pou-du-Ciel, ó sì kọ ìwé tó ṣàlàyé bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣe é nílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe é ní Faransé àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, àwọn kan bá a já bọ́, wọ́n sì kú. Wọ́n gbé e lọ síwájú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá ní ilẹ̀ méjèèjì, wọ́n rí i pé ìyẹ́ iwájú àti ti ẹ̀yìn sún mọ́ra jù: bí imú ọkọ̀ bá ti dorí kodò ju bó ti yẹ lọ, awakọ̀ kò lè gbé e sókè mọ́. Wọ́n ṣe àtúnṣe. Ẹni tó wọn nǹkan ló rí àléébù yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú ń ba púpọ̀ nínú yín, mo sì mọ ìdí rẹ̀. A kò gbàgbé Kérésìmesì ọdún 2003 ní Kútọnu, nígbà tí Boeing 727 kan kò lè ga tó, tó kọlu ilé kékeré lópin ojú ọ̀nà rẹ̀, tó sì já sí etí òkun. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú, àwọn kan nínú yín sì mọ ìdílé tó ṣọ̀fọ̀. Ilé-iṣẹ́ Faransé tó wádìí rẹ̀, Le Bourget yìí kan náà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ẹrù pọ̀ ju agbára ọkọ̀ lọ, iwájú ni ìwúwo náà sì tẹ̀ sí, awakọ̀ kò mọ̀. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ láìfi bò, torí pé ẹ̀kọ́ ibi tí ìwúwo ti dọ́gba wà nínú ìwé físíìsì wọn, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà fún.

Láti sáà tó ń bọ̀, ní ọ̀sán Ọjọ́rú, a máa ṣí ibi iṣẹ́ ọwọ́ kan sẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ yóò fi ọparun, páálí àti aṣọ ṣe ọkọ̀ kékeré tí kò ní ẹ̀rọ, wọn yóò wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, wọn yóò fi ìṣó sí imú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fò gbọọrọ, wọn yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ kankan kò ní gun ohunkóhun tí a bá ṣe. Ọ̀bẹ àti ayùn yóò wà lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Àwọn ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀ o. Ìyá kan ti wá bi mí pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi òòlù ṣe. Ère obìnrin kan wà ní Le Bourget, Raymonde de Laroche lorúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1910 ló gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfuurufú, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tó gbà á. Àwọn ọmọbìnrin wa ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Káfíńtà, aránṣọ, mẹkáníìkì, àti ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láàárín yín, ìrànlọ́wọ́ yín la nílò ju owó lọ. Ẹ wá jókòó tì wá ní Ọjọ́rú kan, kí ẹ fi bí ẹ ṣe ń ṣe é han àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ní ọparun, àjákù aṣọ tàbí rọ́bà kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, ẹ dì í fún ọmọ yín. Ìwé àṣẹ wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ọmọ dá a padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ìwé