Ìlà tuntun nínú fáìlì pgloader wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá ń fi irinṣẹ́ pgloader kó dátà kúrò nínú database MySQL lọ sí ti PostgreSQL, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlà yìí sínú fáìlì àṣẹ yín, kí ó tó kan àmì ; tó parí àṣẹ náà:

ALTER SCHEMA 'oja' RENAME TO 'public'

Ẹ fi orúkọ database MySQL tiyín rọ́pò 'oja', kí ó sì bá a mu délẹ̀délẹ̀.

Ìdí rèé: ní MySQL, ọ̀kan náà ni schema (ibi tí a ń kó tábìlì sí) àti database. Ní PostgreSQL, database kan lè ní schema púpọ̀, bí ilé oníyàrá. Bí a kò bá sọ nǹkan kan, pgloader yóò dá schema tó ń jẹ́ orúkọ database MySQL náà, yóò sì kó gbogbo tábìlì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n search_path PostgreSQL (àtòjọ schema tó ti ń wá tábìlì) tí a kò fọwọ́ kàn, schema tó ń jẹ́ orúkọ aṣàmúlò àti public nìkan ló ń wò. Áàpù á wá máa pariwo pé tábìlì kò sí, bẹ́ẹ̀ dátà pé pérépéré!

Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí public lè lò ó, àmọ́ kí ó tún search_path ṣe fúnra rẹ̀. Wàhálà tí kò yẹ nìyẹn lójú tèmi. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò o.