Ẹ má fi aláìsàn tí kò lè mí dáadáa rin ìlú já

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn aláṣẹ ètò ìlera létí. Bí èèyàn bá ń mí hẹlẹ n'Íbàdàn lónìí, ìrìn ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́ níyà. Ilé ìwòsàn tó wà fún àrùn àyà wà ní Jericho, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, wà l'Óríta Mẹ́fà, ibi tí wọ́n á ti ní kó lọ ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, sì lè jẹ́ àdúgbò mìíràn pátápátá.

Ọkàn lè fa kí èémí máa gé, ẹ̀dọ̀fóró náà lè fà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú lè sọ ọkàn di aláìlágbára, omi á gba inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹsẹ̀ á wú, onítọ̀hún ò ní lè sùn àfi kó gbé orí lé ìrọ̀rí mẹ́ta. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, ásímà àti èéfín igi ìdáná náà ń gé èémí. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àbúrò ìyá mi ń yan ẹja tà. Oògùn ásímà ni wọ́n ń fún un níbi tó kọ́kọ́ lọ, kò sẹ́ni tó yẹ BP rẹ̀, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wò. Nígbà tí wọ́n wá ní ká lọ ṣe ECG níbòmíì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀rọ ọ̀hún wà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó di irin mú, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wáyà mẹ́wàá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láyà, lápá àti lẹ́sẹ̀; láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìwé ti jáde. Ẹ̀rọ tó ṣeé gbé sórí tábìlì ni, òmíràn tilẹ̀ ń lo bátìrì! Ike tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí láti mọ agbára ẹ̀dọ̀fóró ò tiẹ̀ nílò iná rárá.

Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ fún odindi oṣù mẹ́fà. Ó dùn mọ́ mi nínú, ó sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí àyẹ̀wò rọrùn fún aláìsàn. Ṣé ìlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akinkugbe ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ló yẹ kó máa wá ECG kiri?

Mi ò ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ ńláńlá kúrò ní UCH. Ọwọ́ àwọn àgbà dókítà ló yẹ kí ìyẹn wà. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó wà n'Íbàdàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé ìlera kọ̀ọ̀kan, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí wọ́n á ti yẹ BP, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wò lọ́jọ́ kan náà, lówó kan ṣoṣo. Kí wọ́n ya fọ́tò èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà ọkàn lórí fóònù, kí aláìsàn sì jókòó síbi tó wà.

Òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn