Ẹ yẹ nọ́súlù wò kí ẹ tó dẹ́bi fún kẹrosíìnì

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síbi tí àwọn onílé ìlọta, àwọn aládùúgbò wọn àti ìjọba ti máa rí i.

Nígbàkigbà tí dísẹ́ẹ̀lì bá wọ́n jù tàbí tí kò sí rárá, kẹrosíìnì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́, èlùbọ́ àti ata nílùú Àkúrẹ́ ń bù sẹ́ńjìnnì. Bí sáléńsà bá wá ń pọ èéfín dúdú, gbogbo ènìyàn á ní kẹrosíìnì ni. Iṣẹ́ pọ́ǹpù àti nọ́súlù, ìyẹn irin tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ni mò ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ń lọ èlùbọ́ lọ́nà Ọ̀dà ránṣẹ́ pè mí. Aládùúgbò rẹ̀ sá aṣọ ilé ìwé funfun ọmọ rẹ̀ síta, màjàlà bà lé e, aṣọ di tóótòòtó bí ìyẹ́ awó. Díẹ̀ ló kù kí ìjà bẹ́. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo imú ẹ́ńjìnnì yín.” Mo tú fílítà afẹ́fẹ́: ìyẹ̀fun èlùbọ́ ti dì sínú rẹ̀ bí amọ̀. Mo so nọ́súlù mọ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń dán an wò. Kàkà kó fọ́n epo wínníwínní bí ìrì, ńṣe ló ń kán tó, tó, tó. Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì epo, mo gbóòórùn rẹ̀: kẹrosíìnì àti ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀m, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò. Mẹ́káníìkì kan ló ní kí màmá máa dà wọ́n pọ̀, kí pọ́ǹpù lè máa yọ̀.

Èéfín dúdú kò ju epo tí iná kò jẹ tán lọ. Bí epo bá ń wọlé ní ẹ̀kán ńláńlá, etí rẹ̀ nìkan ló ń rí afẹ́fẹ́. Àárín rẹ̀ á gbóná títí á fi di èédú. Kẹrosíìnì fúyẹ́ ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ó sì tètè ń di oru: láàárín nǹkan bí 150 sí 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (°C) ló ń hó, nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì lè kọjá 350 kó tó hó tán. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá, kò yẹ kí èéfín rẹ̀ dúdú ju ti dísẹ́ẹ̀lì lọ.

Pọ́ǹpù ni kẹrosíìnì ń bà jẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì ní ọ̀rá tó ń jẹ́ kí irin inú pọ́ǹpù máa yọ̀, kẹrosíìnì gbẹ. Irin á máa ha irin, agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo á dín kù, nọ́súlù ò ní lè fọ́n ọn mọ́. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lo JP-8, tó jẹ́ ẹ̀yà kẹrosíìnì, nínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti po èròjà tó ń mú irin yọ̀ mọ́ ọn. Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀m kì í ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀. Ó ti kó èédú àti èérún irin wá láti inú ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ẹ má bù ú sí epo mọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bí ẹ ò bá rí ọgbọ́n mìíràn dá, ẹ da kẹrosíìnì mọ́ dísẹ́ẹ̀lì, kí dísẹ́ẹ̀lì sì pọ̀ jù.

Àwọn kan tún ń fi ẹ́ńjìnnì kan fa ẹ̀rọ ìlọta méjì. Epo á máa kún epo, afẹ́fẹ́ ò ní kún. Àwọn mìíràn na páìpù sáléńsà kọjá òrùlé: èéfín náà ò dín, ilé kejì ló lọ.

Lọ́dún 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kéde pé èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá tó wá lọ ata ń fa èéfín yìí símú. Ó ń dùn mí gan-an.

Mo tún nọ́súlù màmá yẹn ṣe, a gbọn fílítà, a da epo inú kẹ́ẹ̀gì nù. Kí n tó kúrò níbẹ̀, èéfín náà ti fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé à ń rí ògiri òdìkejì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ni pé kí wọ́n má wulẹ̀ ti ilé ìlọta ẹnikẹ́ni pa. Kí wọ́n rán àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ sọ́jà, kí wọ́n máa dán nọ́súlù wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ọjà Ọba, màá gbé ẹ̀rọ tèmi wá, n ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Èmi ni,
Mẹ́káníìkì nọ́súlù kan,
Ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́.