Àyìndé, ìtọ̀ rẹ ńkọ́?

Àyìndé ọmọ mi,

Mo pè ọ́ títí lánàá, o ò gbé e. Àbúrò rẹ ló wá sọ pé ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ gbé irin ní jíìmù, pé apá rẹ wú, kò ṣe é ká, ìtọ̀ rẹ sì dúdú bíi kóòkì. Ṣé lóòótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, má ka èyí tán. Bódìjà sí ilé ìwòsàn UCH kò jìnnà, gba ibẹ̀ lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ wò. Tí iṣẹ́ àṣejù bá fọ́ iṣan, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì máa ń forí fá a. Má lo oògùn ara ríro Ibuprofen sí i o, ó tún ń ni kíndìnrín lára.

Ara ríro lásán kò bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ara á ro ó fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, á sì lọ. Ìtọ̀ yẹn ni mò ń bi ọ́.

Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n ti tún páìpù ẹ̀yìnkùlé ṣe.

Ta ló tiẹ̀ ń lé ọ bọ̀ tó o fi bẹ̀rẹ̀ láti ibi irin? Tára rẹ bá yá, tí dókítà sì gbà, kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí ara gbóná. Lẹ́yìn náà, máa lóṣòó kí o máa dìde, láìgbé nǹkan kan dání. Ya ẹsẹ̀ tó ejìká, má jẹ́ kí gìgísẹ̀ gbéra nílẹ̀, kí orúnkún kọjú síbi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, má ká ẹ̀yìn. Mí sínú bó o ṣe ń lọ sílẹ̀, mí síta bó o ṣe ń dìde. Má sé èémí mọ́nú, ó ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, sinmi ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí o tún un ṣe. Ìgbà méjì péré tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Fi iṣan ọ̀hún sílẹ̀ fún wákàtí 48 kó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Àfi tó o bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀méjìlá láìwọ́ ara ni kí o tó fi irin kékeré kún un. Tí oríkèé bá ta ọ́ lójijì, dáwọ́ dúró.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikùn tí mo máa ń sọ sí ọ ló mú ọ sáré báyìí, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́, ikùn ò já mọ́ nǹkan kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kéèyàn rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kó sì fún iṣan níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Rìn ní ọgbà Agodi, ó tó.

Tó o bá ti dé UCH, pè mí, kódà kó jẹ́ òru.

Ìyá rẹ,
Mọ́lété