Ẹni tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ìwádìí nílò ọdún púpọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kọ lẹ́tà yìí nípa fẹ́lóṣíìpù, ìyẹn ipò ìwádìí tí àwọn yunifásítì òkè òkun ń fi àwọn tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé sí, pàápàá èyí tó jẹ mọ́ fífi fótóònù, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ, wọn nǹkan tàbí fífi í ṣe ìṣirò. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, àti àwọn ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá dá irú rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kí ó má sì dín ní ọdún márùn-ún.

Inú iṣẹ́ náà gan-an ni ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ iye ọdún wà. Àwọn fótóònù kì í dé sínú ẹ̀rọ ní dọ́gbadọ́gba. Wúruwùru ni wọ́n ń bọ́, bí òjò tó ń kán sórí páànù. Bí ẹ̀rọ bá ka nǹkan bí 100 fótóònù, iye tó kà lè fi bíi 10 yẹ̀. Bó bá ka 10,000, ó lè fi bíi 100 yẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí òṣùwọ̀n rẹ̀ péye sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá gbọ́dọ̀ lo ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè ba sẹ́ẹ̀lì alààyè tó ń yẹ̀ wò jẹ́. Bí wọn yóò ṣe dín rúdurùdu yìí kù láìfi ìmọ́lẹ̀ kún un ni àwọn onímọ̀ kúáńtọ̀mù, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìṣe àwọn ohun tó kéré jọjọ bíi fótóònù, ń wá.

Ní 1981, Carlton Caves ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò hàn pé a lè fún ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, kí rúdurùdu rẹ̀ dín kù ní apá tí à ń wọ̀n, kí ó sì lọ pọ̀ ní apá tí kò kàn wá. Ní 1985 ni Richart Slusher àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ṣe irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di 2010 kí ó tó dé inú GEO600 nítòsí Hannover ní Jámánì, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìgbì tó ń ti ọ̀nà jíjìn ojú ọ̀run wá. LIGO, irú ẹ̀rọ kan náà ní Amẹ́ríkà tí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní kìlómítà mẹ́rin, kò lò ó fún iṣẹ́ ìṣọ́ ojoojúmọ́ títí di 2019. Ọdún 38 nìyẹn. Ta ni yóò fi oṣù 24 ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láṣeyọrí?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí. Láti 1983 ni Royal Society ti ń gbé fẹ́lóṣíìpù kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀, ó sì ti di ọdún mẹ́jọ báyìí. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó gbà á kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọ̀jọ̀gbọ́n kankan mọ́: ìbéèrè tirẹ̀ ló ń lépa, òun ló sì ń pinnu ohun tí owó ìwádìí rẹ̀ yóò rà.

Nílé, TETFund ń ná owó láti rán àwọn olùkọ́ lọ gboyè ọ̀mọ̀wé, mo sì kí wọn fún èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá padà dé, kíláàsì tó kún fọ́fọ́ àti òkìtì ìwé ìdánwò ló ń pàdé rẹ̀, ohun tó kọ́ a sì wà nínú ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní iná wa kò dúró, pé kí ni a fẹ́ fi kúáńtọ̀mù ṣe. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń béèrè owó ràbàtà. Lésà aláwọ̀ elésè àlùkò ti 405 nanómítà (ìyẹn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀), kírísítálì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní BBO, èyí tó ń sọ fótóònù kan di ìbejì tó jẹ́ 810 nanómítà, àti ẹ̀rọ sílíkónì méjì tó ń ka fótóònù láìnílò òtútù líle: orí tábìlì kan ni gbogbo wọn ń gbà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́ ló sì ń lò ó ní yunifásítì púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Mo gbà pé sólà àti bátìrì lè gbé e ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀.

Ghana tó wà nítòsí wa ló gbé àbá lọ síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2024, tí wọ́n fi ya 2025 sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ kúáńtọ̀mù káàkiri ayé. Kò yẹ kí àwa máa wòran.

Kí wọ́n fi ipò mẹ́ta péré bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ má kọ́ ju kọ́ọ̀sì kan lọ ní sáà kan, kí owó irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, kí àwọn onímọ̀ láti ìta yunifásítì náà sì jẹ́ ara àwọn tí yóò yàn án. Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ TETFund nínú ìwé ìròyìn yín bóyá wọ́n lè fi í sínú ètò ìnáwó wọn tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ físíìsì kan,
Ìbàdàn.