Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Ẹ MÚ ÌYẸ̀FUN WÁ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Ẹ kú ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo ti kọ sílẹ̀ fún yín láti ọjọ́ Ajé. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí àwòrán kan tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí: àmàlà oníkókó tí ọkùnrin kan láàárín wa rò fún ìyá ìkókó nílé rẹ̀. Láti alẹ́ Ọjọ́rú ni ibì kan nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì kò ti jẹ́ kí n sùn, n kò sì lè bá yín sọ nǹkan mìíràn kí ọkàn mi balẹ̀. Orí 4 ni, ẹsẹ̀ 38 sí 41. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i kí ẹ tó kà síwájú.

Ìyàn mú nílẹ̀ náà. Èlíṣà wà ní Gílígálì, àwọn ọmọ wòlíì jókòó níwájú rẹ̀, ó sì ní kí ìránṣẹ́ òun gbé ìkòkò ńlá kaná. Ẹnìkan jáde lọ sí ìgbẹ́ láti já ewébẹ̀. Ó rí àjàrà igbó, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ, ó gbé e délé, ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò. Wọ́n bù ú fún àwọn ènìyàn, wọ́n fi kan ẹnu, igbe ta: ikú ń bẹ nínú ìkòkò!

Mo ti ka ibẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà, iṣẹ́ ìyanu ni mo máa ń wá lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tó dáná ni mo ń wò. Ta ni? Bíbélì kò sọ. "Ẹnìkan." Ìwé kan náà tó dárúkọ Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, fún wa, tó sọ irọ́ rẹ̀ àti ẹ̀tẹ̀ tó bá a ní orí tó tẹ̀ lé e, òun ló bo orúkọ ẹni tó ba ọbẹ̀ jẹ́. Ojúkòkòrò ni ti Géhásì. Ti ẹni yìí, àìmọ̀ ni. Ìlú wa Òṣogbo yìí pàápàá, àwọn àgbà ní nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ dé ń ṣán igbó, igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. N kì í bọ odò, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ìlú mi ni. Wọn kò mọ̀ pé ìkòkò wà níbẹ̀. Ìlú ṣì dúró.

Ẹ padà sí ẹsẹ̀ 39. "Nítorí pé wọn kò mọ̀ wọ́n." Kò sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Wọn ni. Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló dìde. Ebi ń pa gbogbo wọn, òun ló wọ igbó, òun ló bẹ̀rẹ̀, òun ló mú ọ̀bẹ. Ẹni tó jókòó kò lè ká èso burúkú wálé láéláé. Kò sì ní bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárín wa, ta ni kò mọ bí àmàlà ṣe ń ní kókó? Omi kò tíì hó dáadáa, a ti da èlùbọ́ sí i. Tàbí a kò ku èlùbọ́ náà. Tàbí ọwọ́ tó di orógùn mú kò tíì mọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò títí yóò fi kúnná, ká tó wọ́n omi gbígbóná sí i, ká dé e, kí ooru sè é jinná. Ewédú náà ńkọ́? Kán-ún tó lé díẹ̀, ó ti korò. Ta ni wọ́n bí i mọ́?

Ọmọ ọdún 10 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ro àmàlà, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi, bàbá mi wà lájò, ìyá àgbà tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ kò tíì dé láti Ìkìrun. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo kàn rí i pé agogo 2 ti lù, ìyá ìkókó kò tíì jẹun. Nígbà tí mo gbé e wọlé, àlejò ti kún yàrá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó bu òkèlè, ó kan kókó, ó rọra fi ìka tì í sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ó fi ewédú bò ó. Òkèlè kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí àlejò kan tó rí i. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Lọ́la, jẹ́ kí omi hó títí ọmọrí ìkòkò á fi máa mì kí o tó da èlùbọ́ sí i." Irun orí mi ti funfun báyìí. N kò tíì gbàgbé ìka yẹn.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí kò ní dùn létí. Bí ìyàwó bá wà lórí ẹní, tí ẹni tí kò di orógùn mú rí bá wọ ilé ìdáná nítorí ìfẹ́, tí kò sì bọ́ sí i, kí ni iṣẹ́ ẹni tó bá ibẹ̀ wọlé? Ṣé fóònù ló yẹ kó yọ? Àwòrán kì í gbé òógùn ojú ẹni tó dáná, kì í gbé ìdí tó fi dáná. Kókó nìkan ló ń gbé. Ẹni tó yà á ṣẹ̀. Ẹni tó gbà á tó tún fi ránṣẹ́, tó fi ẹ̀rín sábẹ́ rẹ̀, ó ṣẹ̀. Ṣé kò sí alàgbà láàárín wa ni? Ọbẹ̀ kì í mì ní ikùn àgbà. Èyí tí ẹ kò tilẹ̀ tọ́ wò, ó mì ní ikùn yín títí ó fi dà sígboro!

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ pé kí ni ọkùnrin ń wá nídìí ààrò: nígbà tí Olúwa wa jíǹde, tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn gúnlẹ̀ sétí òkun, wọ́n bá ẹyín iná, ẹja wà lórí rẹ̀. Ta ló fẹ́ iná yẹn? Ó ní, "Ẹ wá jẹun." Ẹ̀yin òbí, ọmọ 20 ọdún tí ẹ kò jẹ́ kó gbé ìkòkò kaná rí, ọwọ́ ta ni ẹ fẹ́ kó ti kọ́ ọ?

N kò sọ pé kí a máa jẹ ikú kí a sì pè é ní dídùn. Àwọn ọmọ wòlíì pariwo, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pa á: inú ìkòkò ni wọ́n ní ikú wà, wọn kò ní ó wà lọ́wọ́ lágbájá. Èlíṣà kò bèèrè pé ta ni. Kò ní kí wọ́n dà á nù, ìyàn kúkú mú. Ó ní, "Ẹ mú ìyẹ̀fun wá." Ìyẹ̀fun, ẹ̀yin ará! Ohun tó ń di kókó nínú ìkòkò tiwa ló di ìwòsàn nínú tiwọn. Ó dà á sí i, ó ní kí wọ́n bù ú fún àwọn ènìyàn, jàm̀bá sì kúrò níbẹ̀. Nínú ọkàn mi, ẹni tó ká èso náà ni mo ń rí tó ń bù ú.

Ilé tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ fún mi ní oúnjẹ, mo jẹ ẹ́ tán. Màá tún wá. Ìwọ ọmọ mi, má ju orógùn náà nù. Ẹ̀yin tí mo bá wí, ọmọ mi lẹ̀yin náà, n kò sì lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí àwo. Ẹ pa àwòrán náà rẹ́ lónìí. Kí ẹ sì wọn èlùbọ́ kóńgò méjì, ẹ gbé e lọ kí ìyá ìkókó. Ẹ mọ ilé náà.

Ìkéde, àyè kò pọ̀ mọ́: Ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin kúrò ní Ọjọ́bọ̀, ó di ọjọ́ Ẹtì, agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ará apá Òkè-Baálẹ̀, ọkọ̀ ìjọ yóò dúró níbi tó ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Owó epo ẹ̀rọ amúnáwá kò tíì pé. Ìkómọjáde wà lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, àwọn ọkùnrin ìjọ ni yóò sì dáná, èmi náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìkòkò ńlá àti orógùn gígùn, kó gbé e wá sí ọ́fíìsì ìjọ kí ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pọ́n.