Òpó orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: lẹ́tà sí Àlàní

Òkè Ààrẹ, Ìbàdàn

Àlàní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Kánádà ò tíì gé ọ létí? Ara èmi le, eékún nìkan ló ń bá mi jà. Ọmọ mi obìnrin bí ìbejì lóṣù tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ abúlé ló gbé mi kọ̀wé. O ṣáà mọ̀ pé àfonífojì ló wà, òkè yí i ká. FM kì í gun òkè. Bí òkè bá ti dí i lọ́nà, ó parí. Lálaalẹ́ ni bàbá mi máa ń gun àpáta pẹ̀lú rédíò lábíyá, torí ìròyìn. Lọ́jọ́ kan wọ́n yọ̀, wọ́n ṣubú. Egungun kankan ò ṣẹ́, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Èmi tí mo fi 40 ọdún tún rédíò ará Ìbàdàn ṣe! Ìlú tó ti ní tẹlifíṣọ̀n ní Agódì láti oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí wọ́n ń pè é ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, tí ò ju wákàtí kan sí abúlé wa.

La bá dáwó. Àwọn obìnrin tó ń dín gàrí ló kọ́kọ́ kówó sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń ṣèpàdé lọ́wọ́.

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní ká ṣe tíransimítà kékeré. Mo ní kó panu mọ́: ẹni tí kò gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ NBC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ò gbọdọ̀ gbóhùn sáfẹ́fẹ́. Wáyà ni mo yàn, bíi ti rẹ̀dífúṣọ̀n ayé ìyá àgbà. Rédíò kan, ampilifáyà kan, sólà méjì àti bátìrì; wáyà tibẹ̀ lọ sí sípíkà ilé mẹ́rìnlá. Áńtẹ́nà wà lórí òpó, a kọjú rẹ̀ sí Ìbàdàn, bùsítà tó ń fún ohun tí áńtẹ́nà bá gbà lágbára wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lókè níbẹ̀, torí bí wáyà bá gùn, àwòrán tẹlifíṣọ̀n á ti rẹ̀ kó tó délẹ̀. Ṣé o rántí wáyà tí ìwọ fà gba ihò ògiri, tó jẹ́ èmi ni wọ́n nà?

Alẹ́ ọjọ́ tí Àmúlùdùn 99.1 wọlé, bàbá mi ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń gun àpáta lọ.

Àlàáfíà yẹn ò pé ọ̀sẹ̀ kan. Rédíò kan, ilé mẹ́rìnlá! Bí a bá yí i sí ìròyìn, àwọn ìyàwó á ní orin làwọn fẹ́. Ààfáà ń bèèrè ìdájí, pásítọ̀ ń bèèrè ìdájí kan náà. Ìyá kan já wáyà tirẹ̀, ó ní ohùn ọkùnrin mìíràn ò lè máa jí òun níwájú ọkọ òun. Ọmọ tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá rédíò ti di ọba: àkàrà láàárọ̀, ẹyin lálẹ́. Mo kọ wákàtí oníkálukú mọ́ ara ilẹ̀kùn, wọ́n ya á. Ọjọ́ bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń ṣọ̀kan, gbogbo wọn á kó jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta ni? Ibẹ̀ ni mo ti ń yí po láti òkè lẹ́tà yìí.

Àlàní, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá rẹ nìkan ló ga tó. Mo já àgádágodo. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó já a, o ò gbé e (òru ni lọ́dọ̀ yín, mo mọ̀). Mo ti dí páànù tí mo lu, mo sì ti ri wáyà mọ́lẹ̀ nítorí àrá. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ìdó ti gbọ́. Wọ́n ní mo fẹ́ fọgbọ́n gba ilé, pé kí n sọ òpó kalẹ̀ kí Sátidé tó pé. Jọ̀ọ́, pè wọ́n, tìẹ ni wọ́n máa gbọ́. Bí o bá máa bínú sí mi, pè wọ́n tán ná.

Mo ti ra àgádágodo tuntun. Kọ́kọ́rọ́ tìrẹ wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Àkànní